Ààrò Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ilé Onílé

Olympia Fields,
Chicago.

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Ìyá rẹ kí ọ. Ó wà ní ilé ìdáná báyìí, ó ń di gàrí àti ẹja gbígbẹ tí wàá kó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ tuntun ní àríwá, ó sì mọ ohun tí mo jókòó sí yàrá láti kọ. Òun ló ní bí n kò bá kọ ọ́, òun yóò fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ, mo sì mọ̀ pé kò ní fi nǹkan kan pa mọ́.

Mo ti kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun yìí lórí fóònù. Mo tún kí ọ. Kí Ọlọ́run fi ṣe ìtẹ̀síwájú fún ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó wa mọ́tò rẹ jáde ní Plainfield, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí n kò sọ. Rántí ohun tí a jọ sọ. O ní, "Dádì, àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́. Gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n ní Ilé Fíríìjì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe ni pé kí n wò ó bóyá ká tún wọn ṣe tàbí ká wó wọn."

Mo bi ọ́ pé kí ló ṣe wọ́n.

"Wọn kò kọ́ ibi tí èèyàn lè dá iná sí sínú wọn. Nínú wíńtà o. Bí iná mànàmáná bá ti lọ báyìí, ilé ti di fíríìjì nìyẹn. Ta ló máa jókòó ya àwòrán irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Dádì? Ó ní láti jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lagos dé."

O rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ẹni náà kò mọ òtútù ni. Lẹ́yìn náà mo bi ọ́ nípa táyà mọ́tò rẹ.

Èmi ni mo ya àwọn ilé náà, Àṣàkẹ́.

Mo lè pè ọ́ padà kí n sọ ọ́. Mo gbé fóònù náà, mo sì tún gbé e kalẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ létí rẹ, ìwọ yóò gbìyànjú láti pẹ̀tù sí mi lọ́kàn kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, èmi náà yóò sì jẹ́ kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún rò ó láti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí mo mọ̀ pé o kì í yára ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Schaumburg láti ìgbà èwe mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí a ṣe ń fi í kọ ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ní Yorùbá, n kò mọ ọ̀nà yẹn. Ka èyí jẹ́jẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra èéfín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ní agbo ilé wa ní Ìkìrun, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ àgbàlá. Ògiri rẹ̀ kò kan òrùlé. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè kí èéfín lè máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí iná bá kú ní ilé ìdáná kan, wọ́n á rán ọmọdé lọ fọn iná nílé kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìdáná fi sún mọ́ ara wọn, tí ọ̀nà àárín wọn kì í sì í ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó kọ́ agbo ilé náà ti ronú nípa ibi tí iná yóò ti wá kó tó ronú nípa ibi tí àlejò yóò jókòó. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé yunifásítì, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ṣí àpótí mi, ó gbóòórùn aṣọ mi, ó ní, "Ṣé ẹja ni ọ́ ni, tí wọ́n fi èéfín yan ọ́ wá?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, èéfín di ohun ìtìjú fún mi. Mo kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ya ilé, ọkàn mi sì wà lórí ilé tí kò ní í rùn.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi kọ́ ni mo kọ́ fún ìyá mi, ìyá àgbà rẹ. Chicago níbí ni mo ti ya á. Mo ní kí wọ́n wó ilé ìdáná ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ́ èyí tó wà nínú ilé, kí wọ́n gbé sítóòfù oníná mànàmáná sí i. Màmá dúpẹ́ lórí fóònù títí. Nígbà tí mo padà sílé fún ọdún Iléyá, mo bá òkúta ààrò mẹ́ta lẹ́bàá fẹ́ǹsì, lábẹ́ páànù kan. Òjò ń rọ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fẹ́ iná. Iná ìjọba kì í wá. Bí ó bá sì wá, kì í lágbára tó láti se ìkòkò ẹ̀wà jinná.

Ó rí mi, ó dìde, ó ní, "Má bínú, ọkọ mi. N kò fẹ́ ba ilé rẹ jẹ́."

Ìyá mi ló ń bẹ̀ mí nítorí pé ó ń dáná nínú ilé ara rẹ̀. Ohun tí mo wò ni ògiri funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí èéfín ti sọ di dúdú. Mo bínú. N kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó rí i lójú mi, ó sì gbé ààrò náà jìnnà sí ògiri, sínú òjò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ìkínní nìyí. Kí o tó fa ìlà ògiri kan ṣoṣo, bèèrè ibi tí iná ilé náà ti ń wá. Bèèrè ta ló ni ín, ta ló lè pa á, àti ohun tí àwọn onílé máa ṣe ní ọjọ́ tí kò bá wá. Yàrá tí gbogbo wọn yóò sá sí ní ọjọ́ náà ni kí o kọ́kọ́ yà. Àwọn yòókù á wá bá a. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ọ ní èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, wọ́n sì ní orúkọ ńlá fún un. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ojú mi ló rí ẹ̀rí náà ní Ìkìrun, mo padà sí Chicago, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn ènìyàn tí o ń lọ bá ṣiṣẹ́ ló ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. N kò ní kọ orúkọ wọn síbí, nítorí wọn kò fún mi láṣẹ. Ohun tí wọ́n ní báyìí, ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: pápá sólà tiwọn, bátìrì tiwọn, wáyà tiwọn, òfin tiwọn lórí bí iná ṣe ń pín. O sọ fún mi pé ilé tuntun níbẹ̀ kì í dojú kọ títì mọ́, oòrùn ló ń dojú kọ, àti pé àárín ilé ni wọ́n ń gbé ààrò irin sí, kí ilé lè móoru bí bátìrì tilẹ̀ tán. Inú rẹ dùn bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé obìnrin arúgbó kan ti sọ gbogbo ìyẹn fún mi rí, àfi sólà nìkan. Ó sọ ọ́ kí wọ́n tó bí ọ, mo sì jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Schaumburg ló gba kọ̀ńtíráàtì àwọn ilé náà. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná kan tí wáyà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá ti ní òun yóò ran wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ilé, bí ó bá jẹ́ iná òun nìkan ni wọn yóò máa fi mú ilé gbóná. Kò gbọdọ̀ sí ààrò. Àwọn àgbà ìlú kò gbà. Ọ̀gá mi lọ, ó bọ̀ lófo. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ lófo. Ó wá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó tọ́ka sí fọ́tò kan lórí tábìlì mi níta, èyí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ níwájú bàbá mi ní ọjọ́ tí mo gboyè. Ó ní, "Ìwọ náà, abúlé lo ti wá. Ohun tí o ń ṣe nínú fọ́tò yẹn, lọ ṣe é fún wọn. Wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Èébú ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, nítorí pé wọn kò tíì rán mi níṣẹ́ ńlá rí.

O mọ̀ pé Àáfà ni bàbá mi. Kò gbà kí ọmọ rẹ̀ fi iwájú orí kanlẹ̀ fún ènìyàn. Ó ní Ọlọ́run nìkan la ń ṣe é fún. Bí a bá fẹ́ kí i, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó tán. N kò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi rí títí ó fi kú.

Mo dé gbọ̀ngàn àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú kóòtù àti táì. Arúgbó náà jókòó níwájú, gbogbo wọn ń pè é ní Ìyá Àgbà. Obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi lọ púpọ̀ jókòó tì í, ó ń túmọ̀ fún un. Rúùtù ni orúkọ rẹ̀. Mo rìn lọ síwájú, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, mo fi iwájú orí kanlẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi.

Ó sọ ohun tó fẹ́. Ààrò ní àárín ilé, kí àwọn yàrá yí i ká. Ilẹ̀kùn sí ìlà-oòrùn. Àjà tí kò ga, kí ooru má baà sá lọ sókè. Igi ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí arúgbó lè na ọwọ́ mú un láìwọ bàtà. Àti ilé ńlá kan fún gbogbo ìlú, tí yóò ní iná tirẹ̀, kí wọ́n lè kó ara wọn jọ síbẹ̀ bí wáyà bá já. Ó ní, "Wáyà náà kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ni ín kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa."

Mo jẹ́ kó parí. Mo wá ní, "Ìyá, mo mọ igi ìdáná. Abúlé lèmi náà ti wá. Èéfín igi ló fọ́ ìyá ìyá mi lójú. N kò ní fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe yín."

Irọ́ ni. Ìyá ìyá mi ríran títí tó fi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo wà nínú mọ́tò ní ojú ọ̀nà ni mo ti rò ó tán pé ohun tí n ó sọ nìyẹn.

Rúùtù túmọ̀ rẹ̀. Arúgbó náà wò mí, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Rúùtù ní, "Ó ní òun kẹ́dùn fún ìyá ìyá yín. Ó ní kí ẹ lọ ya ilé náà bí ẹ ṣe fẹ́."

Nígbà tí mo ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, Rúùtù bá mi níta. Kò bínú. Ó ní, "Kí ẹ má ṣe ṣì í gbọ́ o. Kò gba àwòrán yín. Ìyá ìyá yín ló ń bọ̀wọ̀ fún."

Mo ní, "Ọ̀kan náà ni."

Ó ní, "Rárá," ó sì wọlé.

Nígbà tí mo délé, mo ń fi ṣe fáàrí fún ìyá rẹ. O ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Mo ṣe bí mo ṣe ṣe é fún un, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwòsàn dé, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Àáfà báyìí rí?"

Mo ní, "Ìyẹn yàtọ̀. Iṣẹ́ ni mo wà."

"Mo rí i pé iṣẹ́ lẹ wà. Ẹ kò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yín, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ńtíráàtì."

A kò jọ sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ sì gbé mi sókè. Láti inú ìgbéga yẹn ni a ti ra ilé tí o dàgbà sí yìí.

Ìkejì nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o dì í mú ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Má ṣe fi ilé wa polówó ọjà ẹlòmíràn. Wàá dé ibẹ̀, wọ́n á rí àwọ̀ rẹ, wọ́n á gbọ́ orúkọ rẹ, wọ́n á bi ọ́ nípa àwọn ènìyàn rẹ, inú wọn á sì yọ́ sí ọ. Ó máa dùn mọ́ ọ láti sọ pé bákan náà ni wá. Àwọn nǹkan kan jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ ara rẹ tí o ń sọ ọ́ ní àárín ìpàdé, tí o sì rí i pé ohùn rẹ ń rọ̀ nítorí pé o fẹ́ kí wọ́n gbà, dákẹ́. Bí o bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣe é nílé rẹ̀, ní ọjọ́ tí o kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àgbà bá sì sọ pé òun gbà, bi í pé kí ni ó gbà. Jẹ́ kó tún un sọ. Àwa Yorùbá mọ bí àgbà ṣe máa ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ fún ènìyàn láyè láti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní ohùn arúgbó náà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ya ilé náà bí a ṣe ń ya ilé Plainfield: pálọ̀ gbàràmù, àjà gíga, fèrèsé ńlá sí ojú títì, hítà oníná mànàmáná lẹ́sẹ̀ ògiri. Ilé ńlá ti gbogbo ìlú, a yọ ọ́ kúrò; wọ́n ní owó kò tó. Ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ wa gbé fọ́tò wọn jáde. Wọ́n dára lójú.

Ní wíńtà kejì, yìnyín bo wáyà, wáyà já. Rúùtù pe ọ́fíìsì, wọ́n gbé ìpè náà fún mi. Ó ní, "Ẹ bá mi wo àwòrán yín. Níbo la ti lè dá iná nínú ilé yìí?"

Mo tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ mànàmáná wà lójú ọ̀nà."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán náà. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Òpin ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ nìyẹn títí di òní.

Páìpù omi bẹ́ nínú gbogbo ilé náà. Wọ́n kó àwọn arúgbó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú àwọn òyìnbó, kúrò lórí ilẹ̀ wọn, Ìyá Àgbà sì wà níbẹ̀ títí òtútù fi lọ. Ìròyìn tí mo gbọ́ ni pé kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà, kò wọ ilé tí mo yà fún un mọ́. Ilé àtijọ́ Rúùtù, tó ní ààrò, ló gbé títí ó fi kú. Ilé-iṣẹ́ wa fi káàdì ránṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni a kọ sí i. Ìwọ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. A kì í fi káàdì kí ilé ọlọ́fọ̀. A máa ń lọ ni, a ó jókòó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò lọ.

Mo lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò sọ fún ìyá rẹ. N kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ń wa mọ́tò lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ilé náà, mo sì rí i pé àwọn onílé ti lu ògiri mi, wọ́n ti gbé páìpù èéfín jáde lára rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ààrò wọlé. Àwọn kan gbé e sí igun pálọ̀, àwọn kan sí yàrá tó yẹ kó jẹ́ yàrá àlejò. Ọkùnrin kan tó ń la igi níwájú ilé gbé ọwọ́ sókè, ó kí mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì wakọ̀ lọ.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Mọrẹ́nikẹ́, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Lọ kí wọ́n tó pè ọ́. Má ṣe jẹ́ kí ọ́fíìsì bá ọ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. Gbogbo ọjọ́ tó bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ni yóò máa le sí i, títí ọmọ rẹ yóò fi gba iṣẹ́ síbẹ̀.

Èyí tó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan, mo sì ní láti sọ ọ́ nítorí ẹ̀mí ènìyàn. Fóòmù tí a kì sínú àwọn ògiri ìta yẹn kí òtútù má baà wọlé máa ń jó. Ibi tí páìpù èéfín ti gba inú ògiri kọjá léwu. Èyí ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí òtútù tó dé. Ìkejì: àwọn igi òrùlé gùn láti ògiri iwájú dé ti ẹ̀yìn, ògiri inú kankan kò gbé nǹkan kan dúró. O lè yọ gbogbo ògiri inú láìfọwọ́ kan òrùlé, kí o gbé ààrò sí àárín gan-an, kí àwọn yàrá yí i ká. Ìkẹta: apá ẹ̀yìn òrùlé ló kọjú sí gúúsù, ó sì lè gbé sólà. Mo ti bá ọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tí Ìyá Àgbà ní kí n yà ṣeé rí nínú àwọn ilé náà. Ó ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa lórí èyí. Má ṣe tún ilé náà ṣe nítorí pé bàbá rẹ ló yà á. Má sì ṣe wó o nítorí kí ojú má baà tì mí mọ́. Kì í ṣe ìwọ ló ni ìpinnu náà, kì í sì í ṣe èmi. Gbé ohun tó ṣeé ṣe kalẹ̀ fún wọn, kí o sọ ewu tó wà níbẹ̀, kí o wá jókòó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wó o dáadáa, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kó igi rẹ̀ lò bí wọ́n bá fẹ́.

Mo mọ ohun tí o máa fẹ́ ṣe nígbà tí o bá ka èyí tán. Wàá pè mí, wàá ní, "Dádì, ó ti pẹ́. Wọ́n ti gbàgbé." Wọn kò gbàgbé. Wọ́n fún àwọn ilé náà ní orúkọ. Wàá tún ní kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́, nítorí pé orúkọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó wà lára ìwé rẹ. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí, kó má baà jẹ́ pé bí mo ṣe dákẹ́ ni ìwọ náà yóò ṣe dákẹ́, tí yóò fi di iṣẹ́ àjogúnbá nínú ilé wa.

O dárúkọ ọ̀gá rẹ tuntun fún mi lórí fóònù, ẹni tó ń darí ọ́fíìsì ilé àti iná. O ní ó ti dàgbà, ó le, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan léraléra títí èèyàn á fi dáhùn. O ní Rúùtù ni orúkọ rẹ̀. Mo dákẹ́ nígbà tí o sọ ọ́, o sì rò pé fóònù ti já.

Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀. Má ṣe tú ẹrù rẹ. Kọ́kọ́ lọ bá a, kí o ka lẹ́tà yìí fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa túmọ̀ rẹ̀. Má ṣe fo ibi tí mo ti purọ́ mọ́ ìyá ìyá mi. Má ṣe bẹ̀ ẹ́ fún mi. Sọ fún un pé bí ó bá gbà, n ó wá, n ó sì dáhùn ohunkóhun tó bá bi mí níwájú ẹni tó bá fẹ́; bí kò bá gbà, n kò ní wá.

Bí ó bá ní kí o máa lọ sílé, èmi ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe òun, o sì lè bínú sí mi fún iye ìgbà tó bá wù ọ́. Bí ó bá ní kí o jókòó, jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni tó ya àwọn ilé náà, kí o sì bi í pé ibo ló fẹ́ kí iná wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn rẹ.